Ọmọ Àbíjàn Tó Ń Lọ Dígí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà síbi tí mo ti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè nítorí tèmi. Àwọn ará agboolé yí i ká, wọ́n ń wò mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo na ọwọ́ sí i kí a bọ ara wa lọ́wọ́, mo ní:

"O káàárọ̀. Ṣé o sùn dáadáa?"

Ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbá a létí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ọwọ́ tí mo nà, ó wo ojú mi, ó wá yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi bi í," ó ní, "ta ló ń bá wí?"

Mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta bàtà, ibẹ̀ ni òun àti ìyá mi ti bí gbogbo wa. Nínú ilé wa, Yorùbá ni àwọn òbí wa ń sọ sí wa, Faransé ni àwa fi ń dá wọn lóhùn. Nítorí náà, Yorùbá kan ṣoṣo tí mo gbọ́ dàgbà ni èyí tí àgbà ń sọ sí ọmọdé: o káàárọ̀, ṣé o ti jẹun, gbé e wá, jókòó síbẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sí gbogbo ayé nìyẹn. Mo gbé èdè àgbà sẹ́nu, mo wá ń fi kí àgbà bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Àsìkò SÁÀPÙ ni, ètò ìjọba tó mú kí náírà máa já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó wà nílé ń wá ọ̀nà àtilọ, èmi ni mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní Àbíjàn náà kòkó ò tà mọ́, ẹni tí kòkó rẹ̀ ò sì tà kì í ra bàtà. Mo ti jáde ilé-ìwé, mo kàn jókòó sílé ni. Bàbá mi ní, "Lọ sílé fún ọdún kan. Kí ilé mọ̀ ọ́, kí ìwọ náà mọ ilé. Lẹ́yìn náà wàá padà wá." Aṣọ mi ni ìyá mi ń ká, tó tún ń tú, tó tún ń ká.

Ohun tó rú mi lójú jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún mi pé mo kú àbọ̀. Ẹni tó bá lọ ni í bọ̀. Èmi ò lọ láti ibẹ̀ rí. Ilé ni mo ti kúrò wá. Yàrá tí èmi àti àwọn àbúrò mi jọ ń sùn, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti etí ọ̀sà, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì gígùn lọ́nà ilé-ìwé wa, gbogbo ìyẹn ni mò ń pè ní ilé. Síbẹ̀, bí èdè àìyedè bá ṣẹlẹ̀ ní Àbíjàn, àlejò ni wọ́n ń pè wá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní mo ti délé, orúkọ tí wọ́n wá sọ mí ni Ọmọ Àbíjàn.

*

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nítorí pé àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn ló ń tà ní ọjà Takie. Opó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ohùn rẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ó mú mi lọ sí ìsọ̀ kí n bá a tajà, ṣùgbọ́n mi ò wúlò. Oníbàárà á ní, "Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀," èmi á máa tẹ àgádágodo náà wò bóyá ó lè rọ̀. Láti ọjọ́ tí mo sì ti dẹ́ṣẹ̀ níwájú agboolé, mo sọ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí di "ẹ". Mo bẹ ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀." Àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Mo bá wọn rín in, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo dojú bolẹ̀ sórí ẹní.

Ní ọjọ́ kan, bàbá kan tó gùn, tó tín-ínrín, dé sí ìsọ̀. Ó dé fìlà funfun, ọwọ́ rẹ̀ pupa rúsúrúsú títí dé èékánná. Ó ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ, èyí tí orí rẹ̀ rí róbótó. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná kàn wọ́n, ó ń gbé wọn sétí.

"Àáfà," ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wí, "ilẹ̀kùn mélòó lẹ ní nílé gan-an? Oṣooṣù lẹ ń rà á."

"Ìyá, kì í ṣe ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ fi ṣe."

Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. "Kí wá lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ dijú mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Àáfà ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ agolo oògùn kékeré kan, ó ṣí i. Òwú ló wà nínú rẹ̀. Láàárín òwú náà ni ohun kan wà bí ẹ̀kán omi tí kò lè ṣàn. Kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó mú un dúró sókè àtàǹpàkò mi, ó ní kí n sún ojú mọ́ ọn. Mo wò ó. Ara àtàǹpàkò mi ti di oko, ebè tò sí ẹ̀gbẹ́ ebè, òógùn sì ń dán láàárín wọn bí omi òjò nínú poro.

"Ta ló ṣe é?" mo béèrè.

"Ọlọ́run ló ni iṣẹ́ náà. Ọwọ́ mi ló rán."

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí Yorùbá mi ò tíì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ ọ. Àáfà rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún bi mí ní ọjọ́ kejì, pé ta ló ń ra dígí tí ènìyàn lè gbé mì. Ṣùgbọ́n ó ti mọ Àáfà tipẹ́, ó mọ̀ pé ìyàwó àti ọmọ wà nílé rẹ̀, àti pé, kí n sọ òótọ́, mi ò ṣe é lóore kankan ní ìsọ̀. Ó ní kí n lọ wò ó ná.

*

Ilé Àáfà wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ìlú Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni mo sì ń gbé. Láàárọ̀, àwọn ọmọ kéwú á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ka wàláà wọn. Bí wọ́n bá ti tú ká, Àáfà á wọ yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù wa. Jọ́ọ̀sì ló ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ará Íńdíà kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Nígbà tó padà sílé, kámẹ́rà ò pọ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé pọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ìwé sì ní máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán ò lè rí. Ní àsìkò òjò, lẹ́ńsì inú rẹ̀, dígí kékeré bí èyí tí mo rí ní Takie, á bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Láyé ọjọ́un, wọn ì bá kàn kọ̀wé sí òkè òkun kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. SÁÀPÙ ti fi òpin sí ìyẹn. Àáfà ló kù.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó gé dígí lára awò ojú àtijọ́, a ó fi ọ̀dà gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá idẹ tí kò ju pẹ́ńsù lọ. Orí ọwọ́ ilẹ̀kùn tí Àáfà rà ní Takie, ó ti gbẹ́ inú rẹ̀ kòtò bí ṣíbí ìrókò tí a fi ń bu oyin. Inú ihò yẹn ni dígí á ti máa yí, pẹ̀lú omi àti iyẹ̀pẹ̀ líle, títí orí rẹ̀ á fi yọ róbótó. Iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ọkọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ omi, a ó jẹ́ kí èyí tó wúwo rọlẹ̀, a ó da omi orí rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, a ó tún jẹ́ kí ìyẹn náà tòrò, bí a ṣe ń tọ́jú ògì. Èyí tó kẹ́yìn kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Ìyẹ̀fun pupa tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò la fi ń dán an ní ìparí. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ọwọ́ Àáfà fi pupa. Kò pẹ́ tí tèmi náà fi pọ́n, tí àwọn obìnrin ibi ẹ̀rọ omi fi ń bi mí léèrè ìgbà tí ìgbéyàwó mi yóò wáyé, nítorí wọ́n rò pé mo lé làálì.

Iná mọ̀nàmọ́ná kì í dúró, nítorí náà Àáfà ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló tú. Ó yọ orí rẹ̀ kúrò, ó so ọ̀pá idẹ mọ́ táyà ẹ̀rọ náà, a wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, òkè ń yí. Ìyá Mọrúfù, ìyàwó rẹ̀, ò dárí jì í rí.

"Ó gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi," ló máa ń wí, "ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ kí n máa wò ó bí orí àgbò Iléyá."

Lẹ́ńsì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ó ha. Èkejì fọ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí Àáfà gbé e lé dígí tó fi ń dán wọn wò, àwọ̀ jáde lára rẹ̀ bí epo bẹntiróòlù ṣe ń ṣe lórí omi òjò. Ó yẹ kí àwọ̀ náà yípo róbótó. Tèmi rí bí ẹyin.

"Ó ti fẹ́ di lẹ́ńsì," ni Àáfà wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì gbà."

Ó jù ú sínú agolo, ó fún mi ní dígí mìíràn. Kò bínú, kò sì tù mí nínú. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo àṣìṣe mi ló ń di ìtàn. Níbí, agolo ni wọ́n ń bọ́ sí.

*

Ìdánìkanwà ò pa mí, ṣùgbọ́n ó máa ń wá kí mi. Àsìkò ọyẹ́ ló burú jù. Ekuru ni ọ̀tá wa. Ẹyọ kan péré tó láti ha lẹ́ńsì. A ó fi aṣọ tútù nu ògiri, a ó wọ́n omi sílẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nínú ìtìmọ́lé yẹn, mo máa ń sọ Faransé sí ara mi. Mo ń ka orúkọ àwọn àdúgbò tí mo mọ̀, mo ń bá àwọn àbúrò mi jà. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé, "Àmín, àmín o." Ìyá Mọrúfù ni. Ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ó jókòó sórí àpótí.

"Nígbà tí Àáfà gbé mi dé láti Jọ́ọ̀sì," ó ní, "Haúsá ni mò ń sọ sí ìkòkò. Yorùbá ni mí o, bàbá mi ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Ìkòkò nìkan ni kì í fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ìgbà wo lẹ wá ṣíwọ́?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ti ṣíwọ́?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń sọ Faransé nínú yàrá, òun náà á máa sọ Haúsá nídìí iná, a ó sì máa ṣe bí ẹni pé a gbọ́ ara wa.

Bí mo bá fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀, mo ní láti lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kí n forúkọ sílẹ̀, kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin tó ń so wáyà pọ̀ ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ mi á kọ́kọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, á ti ibẹ̀ lọ sí Párì, kó tó padà wá sí Àbíjàn. Mo máa ń ro bí ohùn mi á ṣe máa kọjá lórí òkun, tí òtútù á ti mú un, kó tó dé ilé tí kò jìnnà sí mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa kan ni tẹlifóònù wà lọ́hùn-ún. Wọ́n á sáré lọ pe ìyá mi.

Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó fi ohùn tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ wo?"

Mo ní láti fi Faransé sọ orúkọ mi kó tó gbà. Ó kígbe, ó rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ òun ń kí òun bí ọmọ gidi. Lẹ́yìn náà, ẹkún gba ohùn rẹ̀. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" ó ní. Kí n tó dáhùn, wáyà já, bóyá ní Lọ́ńdọ̀nù, bóyá ní Párì. Inú mi dùn pé ó já.

*

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ mi ti di nǹkan mìíràn. Àwọn ará ìjọ ń bi Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ pé iṣẹ́ wo ni mò ń kọ́ ní Ọ̀yọ́. Ó gbìyànjú àlàyé, kò yé wọn. Kò sì yé òun náà. Ló bá ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Irọ́ kọ́. Àwọn ènìyàn ló parí ìyókù fúnra wọn.

Nígbà tí mo wá kí i lópin ọ̀sẹ̀ kan, Màmá Dèbórà, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ti dé, ó gbé aṣọ funfun lé itan.

"Sùtánà ìkórè mi nìyí," ó ní. "Wọ́n ní Àbíjàn ni wọ́n ti mọ aṣọ rán. Má jẹ́ kó fún mi lábíyá o."

Mo wo Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Ó ń wo òrùlé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo kúnlẹ̀, mo gba aṣọ náà.

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìyá Mọrúfù tú aṣọ náà, ó fi ìka méjì tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Èmi ni màá rán an," ó ní. "Àáfà, ẹ kó idẹ yín kúrò lórí ẹ̀rọ mi."

Àáfà gbé ojú sókè. Ọ̀ràn wà nílẹ̀. Tíṣà báyọ́lọ́jì kan láti ilé-ìwé àwọn obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kó àwọn máíkírósíkóòpù rẹ̀ wá fún wa. Ìdánwò àwọn ọmọ rẹ̀ ti dé tán, bí lẹ́ńsì ò bá sì ṣe tán, inú ìwé nìkan ni wọn á ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi dán wọn wò. Lára lẹ́ńsì náà ni àwọn tó kéré bí hóró ọkà bàbà wà, èyí tí mi ò ṣe rí.

"Ìdánwò àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni," ni Àáfà wí.

"Ìkórè ìjọ wọn náà ni," ni Ìyá Mọrúfù wí. "Ṣé tiwọn kì í ṣe ti Ọlọ́run ni? Ọdún mélòó ni mo ti fi ẹ̀rọ mi yá yín, ṣé mo fọhùn?"

Ó ti fọhùn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Àáfà fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pín in: ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ di ti dígí, ọ̀sán di ti aṣọ. Ìyá Mọrúfù ń rán, èmi ń bá a di etí aṣọ mú. Bí ọjọ́ bá ti mọ́, a ó gbé orí ẹ̀rọ sílẹ̀, a ó so idẹ padà. Yàrá ń rùn ọ̀dà àti aṣọ tuntun pa pọ̀. Mi ò tíì láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé.

Ohun tó le jù lára àwọn hóró ọkà yẹn ni àárín wọn. Dígí lè dán, orí rẹ̀ lè yọ róbótó, ṣùgbọ́n bí àárín rẹ̀ bá yẹ̀, ohun tí ènìyàn ń wò á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ó fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀pá tó ń yí, a ó gbé àtùpà síwájú rẹ̀, a ó wá máa wo iná kékeré tó hàn lára dígí náà. Bí iná náà bá ń jó, àárín ti yẹ̀. A ó mú ọ̀dà gbóná díẹ̀, a ó fi igi tínrín ti dígí náà bí ẹni ti ọmọ ìkókó, a ó tún wò ó. Mo ti í, iná ń jó. Mo tún ti í, ó jó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀rùn mi gan. Àáfà wà lẹ́yìn mi, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe, mo rò pé ẹsẹ̀ mi ti ṣíwọ́ títẹ̀, nítorí iná náà dúró jẹ́ẹ́. Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀, ọ̀pá ń yí, iná náà ò mì.

"Alihamudulilahi," ni Àáfà wí. "Ó gbà."

Nígbà tí tíṣà náà dé, ó fi awọ àlùbọ́sà sábẹ́ ẹ̀rọ, ó dojú kọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó gbé orí. Lẹ́yìn náà ló dìde kúrò lórí àga, ó ní kí n jókòó. Mo rí i: yàrá kéékèèké, wọ́n fara ti ara wọn bí ilé agboolé, ògiri wọn sì mọ́ kedere. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin tí mi ò mọ̀ ló máa gbé ojú lé ibi tí mo gbé ojú lé yẹn.

*

Ọjọ́ ìkórè, Màmá Dèbórà jó wọlé nínú sùtánà rẹ̀. Kò fún un lábíyá. Wòlíì dúró níwájú, ó ní kí aránṣọ wa láti Àbíjàn dìde kí ìjọ lè gbàdúrà fún un. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ di etí bẹ́ǹṣì mú.

Mo dìde. Àdúrà tó tọ́ sí Ìyá Mọrúfù, mi ò lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní:

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ìyá kan tó jẹ́ mùsùlùmí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló rán aṣọ yìí. Èmi kàn bá a di etí rẹ̀ mú ni. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Dígí ni èmi ń lọ̀."

Wòlíì yọ awò ojú rẹ̀. "Dígí? Bí ẹni ń lọ ata?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n kì í ta."

Ẹ̀rín bú jáde títí kan àwọn akọrin. Màmá Dèbórà na apá rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí abíyá rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run a bùkún ìyá náà o!" Wọ́n gbàdúrà fún Ìyá Mọrúfù, wọ́n gbà fún mi, wọ́n sì gbà fún gbogbo ẹni tí ojú ń dùn. Nígbà tí a jáde, ènìyàn mẹ́ta ti gbé awò ojú tó ti kán wá bá mi, bí mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ojú Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni mo ń wò. Mo ń retí èébú.

"O kí wọn dáadáa," ó ní. Ó rìn síwájú díẹ̀. "Èdè ti mọ́ ọ lẹ́nu."

*

Ọdún kan tí bàbá mi dá ti kọjá, ìyá mi wá fúnra rẹ̀ láti mú mi lọ. Kò fẹsẹ̀ kan Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà tó ti lọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun. Mo lọ pàdé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lójú rẹ̀, àbí kí n sọ pé mo kúnlẹ̀ títí ìkúnlẹ̀ fi di ìdọ̀bálẹ̀. Ó gbá mi mú, ó ń fọwọ́ pa ojú mi bí ẹni ń wá ibi tó ti yàtọ̀.

Nígbà tí a lọ ra ẹja ní ọjà, ó bi obìnrin tó ń tà á pé ṣílè mélòó ni. Obìnrin náà wò ó, ó pariwo pe ẹnìkejì rẹ̀: "Ẹ wá o, ìyá yìí fẹ́ ná ṣílè!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i bí ojú ìyá mi ṣe wálẹ̀. Mo mọ ìwálẹ̀ yẹn. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo kí obìnrin náà kú ọjà, mo ná ẹja náà, mo rà á, mo sì fi ẹ̀rín sọ fún un pé ìyá mi ti rin ọ̀nà jíjìn, kó fún wa ní ènì. Ó fún wa. Ìyá mi ń wò mí látìgbà náà títí a fi délé.

Mo mú un lọ sí Ọ̀yọ́. Òun àti Ìyá Mọrúfù jókòó ti ara wọn lórí ẹní bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé lẹ́ńsì kan sẹ́nu ọ̀pá, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń ti í, títí iná fi dúró. Kò bi mí ní ohun tó jẹ́. Àwọn ọmọ kéwú ń ké lóde. Nígbà tó yá, ó fi Yorùbá wí pé:

"Bàbá rẹ ní kí n mú ọ bọ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"Ṣé wàá bọ̀?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀ ní Faransé, nítorí Faransé ni mo fi máa ń jà. Kò jáde. Èyí tó jáde ni: "Màá máa wá kí yín, mà."

Ó mi orí, ó ń mi ín lọ́ra. Kò sunkún. Ó gba lẹ́ńsì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sí fèrèsé, ó fi ojú kan wò ó, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ tó ń lọ, èmi àti Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ sìn ín dé ibùdókọ̀. Àpótí kan péré ni wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ń bínú sí awakọ̀ nítorí ibi tí wọ́n gbé àpótí náà sí, kí ó má baà sunkún. Ìyá mi wọlé, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó na ọwọ́ jáde, ó di ọwọ́ mi pupa náà mú. Mo rò pé yóò tún bi mí léèrè ìgbà tí mò ń bọ̀.

Ọkọ̀ ṣí. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

"Màá sọ fún bàbá rẹ," ó ní, "pé mo bá ọ nílé."